Ọ̀nà Tó Lọ sí Pápá Tiwa

Ọmọ mi máa ń sọ pé nínú gbogbo eré ìdárayá ilẹ̀ Amẹ́ríkà, baseball ni ilé kì í fi bẹ́ẹ̀ ran èèyàn lọ́wọ́. Mo máa ń sọ fún un pé irọ́ ni. Kò sí ohun tí ọmọ aráyé ń ṣe tí ilé kì í bá a dá sí i. Ilé ẹni la ti ń jẹ èkúté onídodo. Á rẹ́rìn-ín, á ní, "Daddy, èwo ni èkúté onídodo again?" Màá ní eku tó ní ìdodo ni, ohun tí èèyàn ò lè jẹ lójú àlejò, àfi kó wọ ilé ara rẹ̀ lọ kó tilẹ̀kùn. Á ní, "Okay. But in baseball, àwọn visitors náà ń jẹ eku." Ọmọ tí wọ́n bí sí Riverdale, lẹ́bàá Atlanta níbí, tí ohùn Yorùbá rẹ̀ ń ṣe ségesège, ló ń fi òwe bàbá mi dá mi lóhùn bẹ́ẹ̀.

Ọdọọdún la máa ń ja ìjà yìí, nígbà tí ooru bá ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, tí ó bá ku ẹgbẹ́ méjì tó ń du ife ẹ̀yẹ. Ẹgbẹ́ tó bá ṣe dáadáa jù lọ́dún náà ni wọ́n máa ń fún láǹfààní pé bí ìdíje bá le dójú ẹ̀, ilé rẹ̀ ni wọ́n á ti parí rẹ̀. Èmi á ní ṣó o rí i, àwọn òyìnbó fúnra wọn mọ̀ pé ilé lérè, torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń fi í ta ẹni tó ṣiṣẹ́ lọ́rẹ. Òun á ní, "Daddy, it's small. Ó kéré gan-an." Ó ní ẹ̀rí kan tó máa ń fi pa mí lẹ́nu mọ́: ìgbà tó kẹ́yìn tí ẹgbẹ́ Atlanta wa gba ife yẹn, ilé onílé ni wọ́n ti gbà á. Òótọ́ ni. Èmi àti òun wà láàárín èrò tó ń wo tẹlifíṣọ̀n gbàǹgbà lẹ́bàá pápá wa tó ṣófo, tí à ń jó bí ẹni pé iwájú wa ni wọ́n ti ń ṣe é.

Ohun kan ló máa ń gbà fún mi. Nínú eré yìí, ẹgbẹ́ kan á gbá bọ́ọ̀lù, èkejì á máa jù ú sí i, wọ́n á sì pààrọ̀. Àlejò ló ń kọ́kọ́ gbá nígbà gbogbo, onílé ló ń gbá kẹ́yìn. Mo ní, "Ṣó o wá rí i? Bí baálé ni. Bí ẹbí bá pé jọ, gbogbo wọn á sọ tẹnu wọn tán, baálé ló ń sọ̀rọ̀ kẹ́yìn." Ó rò ó wò. "That one, mo gbà." Ó tún sọ fún mi pé pápá kọ̀ọ̀kan ló ní ìwà tiẹ̀, ibi tí ògiri ti sún mọ́ni, ibi tí koríko ti ń gbé bọ́ọ̀lù yà sí ẹ̀gbẹ́, ibi tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ ti ń gún èèyàn lójú, àti pé onílé mọ gbogbo rẹ̀ bí ẹní mọ ilé ìdáná ìyá rẹ̀. "But e no reach, Daddy," ó ní. Pidgin yẹn, ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì ló ti kọ́ ọ.

Kì í ṣe pé ó kàn ń fẹnu ṣe é. Òun náà ń gbá a. Ó ti di ọkùnrin, ó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn tí egungun wọn ṣẹ́ bí wọ́n ṣe máa tún rìn, ṣùgbọ́n ní Sátidé, òun àti àwọn òṣìṣẹ́ bíi tiẹ̀ a máa pàdé ní pápá kan lọ́nà Douglasville. Òun ló máa ń lóṣòó lẹ́yìn ẹni tó ń gbá, tó ń hán bọ́ọ̀lù, pẹ̀lú ìbòjú onírin lójú rẹ̀. Ẹni tó bá gbá bọ́ọ̀lù á sáré yípo, á fẹsẹ̀ kan ibi mẹ́ta, á sì padà síbi tó ti gbéra. Ibẹ̀ ni wọ́n ń pè ní ilé. Ẹni tó bá délé ló jẹ ayò. Ọmọ mi ló ń ṣọ́ ilé yẹn. Bó bá fi bọ́ọ̀lù ọwọ́ rẹ̀ kan ẹni tó ń bọ̀ kó tó délé, tiẹ̀ ti parí. "Èmi ni gateman," ó máa ń sọ bẹ́ẹ̀ fún ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ á ní òun ò bí gateman o, kó lọ bi àwọn tó bí gateman.

Ó ṣubú níbi iṣẹ́ ní ọjọ́ Tuesday kan, nígbà òtútù. Orí ń fọ́ ọ, ó ní kí wọ́n bun òun lómi mu. Iṣan kan ló bẹ́ nínú ọpọlọ rẹ̀. Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa fi ẹ̀rọ ran àwọn aláìsàn tí kò lè mí dáadáa lọ́wọ́. Nọ́ọ̀sì ni ìyàwó mi, ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Àwa méjèèjì mọ ohun tí dókítà fẹ́ sọ kó tó la ẹnu. Òun nìkan ni ọmọ tí Ọlọ́run fún wa. N kò mọ bí mo ṣe lè kọ ọ́ ju báyìí lọ.

Òkú ọ̀fọ̀ ni. Òbí kì í tẹ̀lé òkú ọmọ dé ibojì. A kì í tilẹ̀ sọ ibi tí wọ́n sin ín sí fún wọn. Ká ní ilé la wà, n kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa rò ó. Àwọn àbúrò mi àti àwọn ará àdúgbò ni wọn ì bá gba gbogbo rẹ̀ lọ́wọ́ mi, wọn ì bá ní kí n wọlé lọ jókòó, wọn ì bá parí ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe láìjẹ́ kí n mọ̀. Ní Riverdale, ta ló fẹ́ gbà á? Ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú òkú ń pè mí lórí fóònù, wọ́n ní èmi bàbá ni kí n wá mú pósí. Mo jágbe mọ́ obìnrin tó pè mí. Obìnrin náà ò ṣẹ̀ mí.

Àgbà kan wà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa tí gbogbo wa ń pè ní Uncle. Apòògùn ni wọ́n, ilé wọn ò jìnnà sí tiwa. Wọn ò bá wa tan, àfi pé ìlú kan náà la ti wá. Uncle ló gba fóònù lọ́wọ́ mi. Wọ́n ní, "Ó tó. Ẹ wọlé lọ jókòó ti Mummy." Láti ìgbà yẹn, ẹnikẹ́ni ò pè mí mọ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n lọ sin ín, èmi àti ìyàwó mi jókòó sí pálọ̀, wọ́n fa kọ́tìnnì bo fèrèsé, àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì yí wa ká. Wọ́n ń sọ pé omi ló dànù, agbè ò fọ́. Bínú ṣe bí mi tó! Agbè wo? Ìyàwó mi ti kọjá ẹni tó ń bímọ. Mo wọ ilé ìwẹ̀ lọ, mo ṣí omi sílẹ̀ kó máa dà, kí n má baà sọ ohun tí n kò ní lè kó padà.

Lọ́jọ́ kejì ni àwọn tí wọ́n jọ ń ṣeré wá. Wọ́n pọ̀, wọ́n kún pálọ̀ wa, kò sí ẹni tó mọ ibi tó yẹ kó fi ọwọ́ rẹ̀ sí. Kapitéènì wọn, òyìnbó gíga kan tó ní irùngbọ̀n pupa, tó ń tún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe, ló wá bi wá ní ohun tó ń jẹ gbogbo wọn lọ́kàn. Ó ní gbogbo àwọn lọ síbi ìsìnkú, àwọn wo ọ̀tún, àwọn wo òsì, àwọn ò rí wa. Ó ní ṣé ọmọ náà ṣẹ̀ wá ni. Mo fẹ́ dìde. Ìyàwó mi di ọwọ́ mi mú. Ó dá a lóhùn ní Gẹ̀ẹ́sì, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, pé ọmọ ló yẹ kó rí ibojì òbí. Bí òbí bá lọ rí ti ọmọ, ó dà bíi pé ó ti gbà pé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. "And we have not agreed," ó ní. Ọkùnrin gíga yẹn fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú, ó sunkún bí ọmọdé. Kí wọ́n tó lọ, ó bẹ̀ wá pé bí àsìkò eré bá dé, ká jọ̀ọ́, ká máa wá.

Tẹ́lẹ̀, ekukáká la fi ń lọ. Ìparí ọ̀sẹ̀ ni shift wa méjèèjì máa ń pọ̀ sí. Ṣùgbọ́n nígbà tí ewé igi tún rú, ìyàwó mi lọ pààrọ̀ tiẹ̀, ó ní òun ò ṣiṣẹ́ Sátidé mọ́. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ náà. Nígbà tí Uncle gbọ́ pé a fẹ́ lọ wo eré ní pápá Douglasville, ojú wọn yí padà. Wọ́n ní, "Ẹ ò ṣe máa lọ sí èyí tí wọ́n bá lọ ṣe níta? Ibẹ̀ yẹn, oòrùn ń mú níbẹ̀ jù." Mo ní oòrùn wo, Uncle, nínú oṣù Kẹrin? Lọ́jọ́ eré, wọ́n gbé mọ́tò wọn wá sẹ́nu ọ̀nà wa, wọ́n ní àwọn fẹ́ wá wò ó pẹ̀lú wa, kí a jẹ́ kí àwọn wà wá lọ.

Mo mọ ọ̀nà yẹn. Èmi ni mo máa ń gbé ọmọ náà lọ síbẹ̀ nígbà tí mọ́tò rẹ̀ bá bàjẹ́. Bí èèyàn bá ti kọjá ilé epo, ọ̀tún ló máa yà, ó sì ti débẹ̀ tán. Uncle ò yà. Wọ́n lọ tààrà, wọ́n gba orí afárá kan kọjá, wọ́n gba ẹ̀yìn ilé ìkẹ́rùsí, wọ́n yí gbogbo àdúgbò náà po kí wọ́n tó gba ẹ̀yìn wọ pápá. Ohùn obìnrin inú fóònù wọn ń sọ léraléra pé kí wọ́n padà, kí wọ́n yà sọ́tùn-ún, títí wọ́n fi pa á. Mo rántí pé itẹ́ òkú kan wà lójú ọ̀nà tí wọn ò gbà yẹn, tó ní ọgbà igi funfun. Mo wo ìyàwó mi nínú dígí. Ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀.

Nígbà tí a padà dé ilé lọ́jọ́ náà, ìyàwó mi ní, "Daddy, òótọ́ ni Uncle sọ o. Oòrùn ibẹ̀ ti pọ̀ jù. Ẹ jẹ́ ká kúkú máa lọ sí tìta." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, oòrùn náà pọ̀. Bí a ṣe di olólùfẹ́ ẹgbẹ́ tí kì í dé ilé ẹgbẹ́ rẹ̀ nìyẹn.

Gbogbo ibi tí wọ́n bá ti lọ ṣeré níta la bá wọn dé. Ìyàwó mi ò mọ òfin eré náà, ṣùgbọ́n ó ń gbàdúrà sókè fún ẹnikẹ́ni tó bá ti wọ aṣọ tiwa, á sì gbé ẹ̀pà inú ìgò lọ fún wọn. Kò fẹ́ràn ẹni tí wọ́n fi rọ́pò ọmọ wa, tó ń lóṣòó báyìí níbi tó máa ń lóṣòó sí. "Ó kúrú jù," ó ní. Ọkùnrin náà ò kúrú. Èmi náà ò fẹ́ràn rẹ̀. Ohun tó wá ya gbogbo wọn lẹ́nu ni pé bí a bá ti wà níbẹ̀, wọn kì í pàdánù. Nílé, wọ́n lè jẹ lónìí kí wọ́n sì fìdí rẹmi lọ́la, àmọ́ níta, níbi tí kò yẹ kí wọ́n ti lágbára, wọn ò gbẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Mo mọ ohun tí ọmọ mi ì bá sọ. Mo máa ń jókòó sórí àga pákó ní pápá àwọn onílé yẹn, kí n máa bá a jiyàn nínú ọkàn mi, kí n sì máa jẹ́ kó borí.

Bí wọ́n ṣe dé ìparí ìdíje nìyẹn, àwọn àti ẹgbẹ́ kan láti Covington. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n fẹ́ pàdé, ẹni tó bá jẹ ẹ̀ẹ̀mejì ló ni ife. Tiwa ni wọ́n fún ní àǹfààní ilé: ilé la ti máa bẹ̀rẹ̀, a máa lọ sí Covington, bó bá sì di ọ̀kan sí ọ̀kan, ilé la ti máa parí rẹ̀. Wọ́n pàdánù àkọ́kọ́ nílé. A ò sí níbẹ̀. Wọ́n jẹ èkejì ní Covington, ìyàwó mi sì pariwo títí ohùn rẹ̀ fi há. Ìgbà yẹn ni kapitéènì onírùngbọ̀n pupa tún wá sílé wa. Ó jókòó sétí àga, ó ń yí fìlà rẹ̀ lọ́wọ́. Ó ní àwọn ò mọ ìdí tí a kì í fi í wá sílé, àwọn ò sì fẹ́ mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ti ọjọ́ yìí, ká jọ̀ọ́. Ó ní gbogbo èèyàn ń sọ pé àwọn ní àǹfààní ilé, àmọ́ bí àwọn bá gbójú sókè nílé, àwọn tí àwọn fẹ́ rí kì í sí níbẹ̀.

Mo fẹ́ sọ fún un pé a ní iṣẹ́. Ìyàwó mi ní, "We will come."

Nígbà tó lọ tán, mo ní, "Mummy, ta ló máa wà wá?" Ó ní èmi kọ́ ni mo ń wa mọ́tò ni? A wo ara wa. Uncle ti lọ sí Nàìjíríà lọ sin ìyá wọn, arúgbó tó rí ọmọ-ọmọ-ọmọ. Wọ́n lọ ṣe é bó ṣe yẹ kó rí, ọmọ ń sin ìyá. N kò ṣe ìlara wọn, àbí kí n má purọ́, mo ṣe é. Èèyàn pọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì tí a lè bẹ̀, ṣùgbọ́n báwo la ṣe fẹ́ sọ ọ́? Bí mo bá ní kí ẹnì kan wá wà wá, ó di dandan kí n sọ ìdí rẹ̀, mo sì gbọ́dọ̀ sọ lójú ìyàwó mi pé mo mọ ohun tí kò yẹ kí n mọ̀. Òun náà ò fẹ́ sọ lójú mi. Nítorí náà, mo ní màá gba ọ̀nà Uncle, ẹ̀yìn ilé ìkẹ́rùsí.

Ọ̀sán Sátidé ni. Ìyàwó mi wọ aṣọ ẹgbẹ́ tí ọmọ wa fi sílẹ̀, ó ká apá rẹ̀ sókè, ó gbé ìgò ẹ̀pà lé ẹsẹ̀. A kọjá ilé epo, n kò yà. Nígbà tí a dé ìdí afárá, wọ́n ti dí i. Wọ́n to igi aláwọ̀ ọsàn síbẹ̀, ọkùnrin kan nínú aṣọ tó ń tàn yòò ń fọwọ́ dá gbogbo mọ́tò padà. Mo sọ gíláàsì kalẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní wọ́n ń tún afárá ṣe, kò sí bí mọ́tò ṣe lè gba ibẹ̀ kọjá, pé ọ̀nà tó dáa kúkú wà lẹ́yìn, kí n kàn padà síbi ilé epo kí n yà. Mo jágbe mọ́ òun náà. Mo ní ṣé òun ló máa sọ ọ̀nà tí màá gbà fún mi ni.

Mo padà, mo sì dúró sínú ọgbà ilé epo. Mo ní, "Mummy, jẹ́ ká padà sílé. Ilé wa náà ní tẹlifíṣọ̀n." Kò sí tẹlifíṣọ̀n tó ń fi irú eré bẹ́ẹ̀ hàn. Ó ní, "Daddy, mo mọ̀."

"Kí lo mọ̀?"

"Ọjọ́ tí Uncle ò yà níbí ni mo ti mọ̀. Ẹ̀yin náà mọ̀. Mo rí ojú yín nínú dígí."

Ó tú ìborùn tó wà lọ́rùn rẹ̀, ó ká a, ó sì fi di ojú ara rẹ̀, ó so ó lẹ́yìn orí. Ó ní, "Ẹ máa lọ. Bí a bá ti kọjá, kí ẹ sọ fún mi."

Èmi ni mò ń wa mọ́tò. Ojú la fi ń wà á. Mo rò ó nígbà náà, bí mo ṣe ń yà sọ́tùn-ún, pé ká ní ilé la wà, ẹnì kan ni ì bá jókòó síbi tí mo jókòó sí yìí. Àǹfààní ilé tí mo ti ń jiyàn lé lórí láti ọjọ́ yìí, ohun tó jẹ́ gan-an nìyẹn: kí ẹlòmíì máa wà ọ́, kí ìwọ lè di ojú rẹ. Mo tẹjú mọ́ ìlà ofeefee àárín títì. Mo ní n kò ní wo ẹ̀gbẹ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka Orin Dáfídì. Ṣùgbọ́n ojú kì í gbọ́ràn. Ọgbà funfun náà dé, ó ń sáré lọ lápá òsì mi. Láàárín àwọn òkúta kéékèèké tó tẹ́ pẹrẹsẹ, mo rí ọ̀pá kan tí wọ́n gbé ìbòjú onírin kọ́, tí wọ́n to bọ́ọ̀lù funfun yí ìdí rẹ̀ ká. Kò sí ẹlòmíì tí wọ́n lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún.

Ìyàwó mi ní, "A ti kọjá?"

Mo ní, "A ti kọjá."

"Ṣé ẹ rí nǹkan kan?"

Mo ní, "N kò rí nǹkan kan."

Nígbà tí Uncle ti ìlú dé, wọ́n ṣàlàyé fún mi láìjẹ́ pé mo bi wọ́n. Wọ́n ní nígbà tí àwọn ń wá ilẹ̀, àwọn rántí pé ọmọ náà fẹ́ràn pápá yẹn, pé láti ibẹ̀, èèyàn lè máa gbọ́ ariwo àwọn tó ń ṣeré. Wọ́n mọ̀ pé Sátidé ni shift wa, pé a kì í fi bẹ́ẹ̀ dé apá ibẹ̀. Kò wá sí wọn lọ́kàn pé ẹ̀yìn tó bá lọ tán la máa wá di ẹni tó ń lọ wo eré. Wọ́n fẹ́ dọ̀bálẹ̀ fún mi, àgbà bẹ́ẹ̀. Mo gbá wọn mú. Inú ò bí mi sí wọn rárá, èmi tí inú máa ń bí sí gbogbo ayé.

Ọjọ́ ìparí ìdíje yẹn, nígbà tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa rí wa tí à ń bọ̀, wọ́n pariwo. Èrò pọ̀. Ajá tó lẹ́ni lẹ́yìn á pa ọ̀bọ, mo wí fún ara mi, wọ́n máa jẹ ẹ́ lónìí. Eré náà le bí ojú ẹja. Nígbà tó kù fún tiwa láti gbá kẹ́yìn bí baálé, àwọn ará Covington fi ayò kan ṣoṣo ṣáájú wa. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wa ti dé ibi kẹta, ilé ló kù, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá tún lé ẹnì kan ṣoṣo jáde nínú tiwa, eré ti tán nìyẹn. Kapitéènì gbá bọ́ọ̀lù, ó lọ jìnnà díẹ̀, ọmọ yẹn sì gbéra, ó ń sáré bọ̀ wálé, gbogbo èrò dìde. Ìyàwó mi ń pariwo, "Máa bọ̀! Máa bọ̀ nílé!" Bọ́ọ̀lù ló ṣáájú rẹ̀ dé. Ẹni tó lóṣòó fún Covington, tó ń ṣọ́ ilé tí kì í ṣe tiẹ̀, hán an, ó sì fi kàn án láyà. Ẹsẹ̀ ọmọ náà kù díẹ̀ kó tẹ ilé.

Ó parí. Ilé ò ràn wọ́n lọ́wọ́, àwa náà ò ràn wọ́n lọ́wọ́. Ọmọ mi ló jàre. Mo yíjú sí ẹ̀gbẹ́ kí n sọ fún un pé ó dáa, mo gbà, kó má wulẹ̀ yọ̀ mí, ìyàwó mi ni mo rí níbẹ̀, ó di ìgò ẹ̀pà mọ́yà, kò tíì ṣí i. Mo sunkún níbẹ̀, lójú gbogbo èèyàn. Wọ́n rò pé nítorí ife ni.

Nígbà tí a padà dé ìdí mọ́tò, ìyàwó mi ti ṣáájú mi dé ẹnu ilẹ̀kùn awakọ̀. Ó ní, "Daddy, ẹ bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀hún. Èmi ni mo máa wà wá lọ sílé."

Mo ní, "Kò jọ ọ́. Ìwọ lo bí i. O ò gbọ́dọ̀ rí i."

"Ẹ̀yin ńkọ́, ta ló bí i?"

Mo ní mo ti sọ fún un pé n kò rí nǹkan kan. Ó ní, "Ó ti pẹ́ tí mo ti ń bá yín gbé. Mo gbọ́ ohùn yín nígbà tẹ́ ẹ ní a ti kọjá." Ó fi ìborùn náà sí mi lọ́wọ́. "Ẹ̀yin nìkan ò ní máa ru ú."

Mo jókòó síbi tó jókòó sí nígbà tí à ń bọ̀. Mo di ojú mi. Ìborùn náà ń ta sánsán ìpara ara rẹ̀. Ó tan mọ́tò, a gbéra, mo mọ ìgbà tí a jáde sójú títì. Lẹ́yìn náà ni eré mọ́tò dínkù, ó ń dínkù sí i, ó sì dúró. Ó sọ gíláàsì ẹ̀gbẹ́ mi kalẹ̀. Mo ń gbọ́ ohùn àwọn tó ń kó ẹrù wọn ní pápá lókèèrè, ẹnì kan ń rẹ́rìn-ín, ẹnì kan ń fi igi lu irin. Uncle ò tíì ṣàlàyé fún mi nígbà náà, ṣùgbọ́n mo gbọ́ wọn ketekete láti ibẹ̀.

Mo ní, "Mummy, ṣé a ti kọjá?"

"A ti kọjá," ó ní. Mọ́tò náà ò tíì kúrò lójú kan.